Ohun Tó Ṣẹ́kù Lára 4,294,967,297

  

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí. Ó gùn díẹ̀, nítorí náà kí ẹni tí bírò bá wà nítòsí rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: 4,294,967,297. Bílíọ̀nù mẹ́rin, mílíọ̀nù ọ̀ọ́dúnrún ó dín mẹ́fà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé mẹ́tàdínláàádọ́rin, àti ọ̀ọ́dúnrún ó dín mẹ́ta. Mi ò mú un wá nítorí pé ó tóbi. Nọ́ńbà tó tóbi kò ṣòro í rí. Ẹ ṣáà máa kọ òdo tẹ̀lé òdo títí ìwé yóò fi tán. Mo mú un wá nítorí pé ó ní ìwà, ìwà náà sì ṣe é mọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ti ka owó lọ́jà rí.

Ká ní ayé owó ẹyọ la ṣì wà, ọ̀kẹ́ ni à bá fi wọn irú iye báyìí. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 owó ẹyọ, ẹrù orí ọkùnrin kan sì ni. Nọ́ńbà wa yóò kún ọ̀kẹ́ 214,748, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàárin ó lé ọ̀ọ́dúnrún ó dín mẹ́ta owó ẹyọ yóò sì wà nílẹ̀ tí kò ní kún ọ̀kẹ́ kankan. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tó ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1887 bí àwọn bàbá wa ṣe ń ka owó yìí. Wọ́n á da owó sílẹ̀ ní òkìtì, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ fà á ní márùn-ún márùn-ún. Bí wọ́n bá fà á nígbà ogún, ọgọ́rùn-ún nìyẹn, wọ́n á kó o sọ́tọ̀. Ọgọ́rùn-ún méjì á di igba. Ọwọ́ wọn á máa lọ, ọkàn wọn á máa kà.

Ẹni tó ń tajà ní Kalley, ní ìlú Niamey ní ilẹ̀ Niger, kò ní rí ohun àjèjì nínú èyí. Owó CFA ni Niger ń ná, ṣùgbọ́n lẹ́nu ará ọjà, ì báà jẹ́ Zarma ni ó ń sọ tàbí Hausa, dala ni a fi ń kà á, dala kan sì ni fráǹkì márùn-ún. Bí Zarma bá ní ọjà kan jẹ́ zangu, ìyẹn ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún dala ló ń wí, 500 fráǹkì ni yóò sì jáde lápò oníbàárà. Bí ó bá ní zangu hinka, igba dala nìyẹn, 1,000 fráǹkì. Ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí láti Ṣakẹ́tẹ́ ní láti tètè kọ́ ọ: kí ó gbọ́ iye kan létí, kí ó sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún lọ́kàn, kí ó tún fi Faransé kọ ọ́ sínú ìwé owó. Mo bọ̀wọ̀ gidigidi fún ọpọlọ tó ń ṣe èyí láti àárọ̀ di alẹ́ tí kò sì gbàgbé ṣéńjì oníbàárà.

Ẹ wá jẹ́ ká ka nọ́ńbà wa ní dala. Ó jẹ́ dala 858,993,459, fráǹkì méjì á sì ṣẹ́kù tí kò ní di dala. Ẹ di fráǹkì méjì yẹn mú, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ tú nọ́ńbà náà palẹ̀, ẹ kà á ní mẹ́ta mẹ́ta: méjì ló ṣẹ́kù. Ẹ kà á ní mẹ́tàdínlógún mẹ́tàdínlógún: méjì. Ẹ kó o ní 257 lọ́nà kan, 257 lọ́nà kan: méjì náà ni. Ẹ tún kó o ní 65,537: méjì. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni, à bá ní ó kàn ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìgbà márùn-ún rèé, a sì ní láti mọ ibi tí méjì yìí ti ń wá.

Láti mọ̀ ọ́n, a ó wo ọwọ́ babaláwo. Mo mọ̀ pé Mùsùlùmí pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi ní Niamey, Kristẹni náà sì wà láàárín yín. Ìṣirò inú rẹ̀ nìkan la fẹ́ wò, àfáà tó ń tẹ yanrìn náà kò sì jìnnà sí i, nítorí àmì mẹ́rìndínlógún ni ti òun náà. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní awẹ́ mẹ́jọ, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan lè dojú dé, ó sì lè ṣíjú sókè. Nítorí pé ọ̀nà méjì ni fún ẹyọ awẹ́ kan, awẹ́ méjì ní ọ̀nà mẹ́rin, awẹ́ mẹ́rin sì ní mẹ́rìndínlógún. Bí apá ọ̀tún àti apá òsì bá jáde bákan náà, ojú odù ni, wọ́n sì jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Bí wọ́n bá yàtọ̀ síra, ọmọ odù ni, wọ́n jẹ́ òjìlúgba. Àpapọ̀ wọn ni 256, tíí ṣe 16 lọ́nà 16.

Bí babaláwo méjì bá wá jókòó, tí wọ́n da ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iye ọ̀nà tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ méjèèjì lè gbà ṣubú ni 256 lọ́nà 256, ìyẹn 65,536. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin tí wọ́n jọ dà á, 65,536 lọ́nà ara rẹ̀ ni: 4,294,967,296. Ẹ wo ohun tí ẹ kọ sílẹ̀. Nọ́ńbà wa fi ẹyọ kan ṣoṣo ju iye tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo mẹ́rin lè sọ.

Ẹ jẹ́ ká to ìdílé yìí: 2, 4, 16, 256, 65,536, 4,294,967,296. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹni tó ṣáájú rẹ̀ lọ́nà ara rẹ̀. Bí a bá fi ẹyọ kan kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó ní 3, 5, 17, 257, 65,537, àti nọ́ńbà wa tó jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹfà. Àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ yìí gan-an ni a fi kà á lẹ́ẹ̀kan, tí méjì ń ṣẹ́kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni gbogbo wọn.

Ẹ mú 16. Ẹ yọ ẹyọ kan kúrò, ẹ ní 15. Ẹ fi ẹyọ kan kún un, ẹ ní 17. Ẹ wá fi 15 sọ 17 di púpọ̀: 255 ni yóò jáde. 16 lọ́nà 16 sì jẹ́ 256, tó fi ẹyọ kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ogún dán an wò: 19 lọ́nà 21 jẹ́ 399, irinwó ó dín ẹyọ kan. Ẹ fi iye tó bá wù yín dán an wò, kò ní yẹ̀. 15 fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 3 lọ́nà 5, nítorí náà 3, 5 àti 17 ló jọ wà nínú 255. Ẹ wá bọ́ sórí 256, ẹ ṣe bákan náà: 255 lọ́nà 257 jẹ́ 65,535. Ẹ gun orí 65,536: 65,535 lọ́nà 65,537 jẹ́ 4,294,967,295. Inú nọ́ńbà ìkẹyìn yìí ni àwọn ẹ̀gbọ́n márààrún kóra jọ sí, kò sí ẹyọ tó ṣẹ́kù, kò sì sí àlejò kankan láàárín wọn. Tiwa jẹ́ 4,294,967,297. Ó fi méjì jù ú. Fráǹkì méjì tí dala kò lè gbé ní Kalley nìyẹn.

Èmi fẹ́ràn ìdáhùn yìí ju ọ̀pọ̀ ohun tí mo kọ́ níléèwé lọ. A kò pín nǹkan kan, a kò fi ẹ̀rọ ṣírò kankan, síbẹ̀ a ti mọ̀ láìsí iyèméjì pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún yẹn tó lè pín in dọ́gba. Nọ́ńbà 4,294,967,295 tí nọ́ńbà wa fi méjì jù náà ní iyì tirẹ̀. Carl Friedrich Gauss, ọmọ Jámánì, fi hàn ní 1796, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjìdínlógún, pé a lè fi rúlà àti kọ́ńpáàsì nìkan ya àwòrán onígun mẹ́tàdínlógún tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Nínú gbogbo àwòrán oníye-igun-aláìdọ́gba tí a mọ̀ pé ó ṣe é yà lọ́nà bẹ́ẹ̀, èyí tí igun rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní igun 4,294,967,295. Kò sí ẹni tí yóò yà á, ṣùgbọ́n ó ṣe é yà.

Ó wá ku ìbéèrè tó mú kí nọ́ńbà wa lókìkí. Àwọn nọ́ńbà kan wà tí kò ṣe é pín dọ́gba, àyàfi kí a fi ẹyọ kan pín in tàbí kí a fi òun fúnra rẹ̀ pín in. Mẹ́ta jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, márùn-ún jẹ́ ọ̀kan, méje jẹ́ ọ̀kan. Mẹ́sàn-án kò sí lára wọn, nítorí mẹ́ta pín in. Pierre de Fermat, òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ gíga ní Toulouse ní ilẹ̀ Faransé, wo ìdílé wa yìí. 3 kò ṣe é pín. 5 kò ṣe é pín. 17, 257, 65,537, kò sí èyí tó ṣe é pín nínú wọn. Ní 1640 ó kọ̀wé sí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun gbà pé bí gbogbo ìdílé náà yóò ṣe máa rí títí láé nìyẹn. Ó jẹ́wọ́ pé òun kò tíì ní ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni ńlá ni Fermat nínú ìmọ̀ nọ́ńbà, ọ̀pọ̀ ohun tó sọ ló sì jóòótọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró.

Ó dúró fún ọdún 92. Ní 1729 Christian Goldbach kọ̀wé sí Leonhard Euler, ó béèrè bóyá ó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ Fermat yìí. Euler jẹ́ ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní St Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ní 1732, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó kéde pé nọ́ńbà ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ṣe é pín. 641 pín in.

Ọdún 1732 kan náà yìí ni Muhammad ibn Muhammad al-Fulani al-Kishnawi, ọmọ Fúlàní láti Katsina, kọ ìwé ìṣirò rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá. Ó ti lọ sí Mẹ́kà, ó wá fi Cairo ṣe ibùgbé, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1741. Ìwé rẹ̀ dá lórí bí a ṣe ń to nọ́ńbà sínú àpótí onígun mẹ́rin tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá ro wọ́n pọ̀ lóròó, níbùú, tàbí láti igun dé igun, iye kan náà ni yóò jáde. Ẹ to 1 dé 9 sínú àpótí mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta lọ́nà tó yẹ, 15 ni yóò jáde níbi gbogbo. Katsina kò jìnnà sí Maradi, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọjà gba ọ̀nà ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ orúkọ ọkùnrin yìí bí wọ́n ṣe ń mọ ti Euler.

Báwo ni Euler ṣe rí 641? Bí èèyàn bá fẹ́ máa dán àwọn nọ́ńbà tí kò ṣe é pín wò láti 2 lọ sókè, 641 ni yóò jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹrìndínlọ́gọ́fà, ìyẹn ẹlẹ́ẹ̀kẹ-116. Pípín 116 pẹ̀lú ọwọ́ kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tó dín iṣẹ́ náà kù: nọ́ńbà èyíkéyìí tí kò ṣe é pín, tó bá máa pín tiwa, gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 64 tí a fi ẹyọ kan kún. Tí a bá tẹ̀ lé èyí, àwọn tó kù láti dán wò ni 193, 257, 449, 577, lẹ́yìn náà 641. Márùn-ún péré! A sì ti lé 257 jáde nílé ẹ̀gbọ́n tẹ́lẹ̀. Ní 1878, Édouard Lucas láti ilẹ̀ Faransé tún fi hàn pé ìlọ́po 128 ni ó yẹ ká wí. Ìgbà náà ni 193, 449 àti 577 bọ́ sílẹ̀, tí 641 wá ku òun nìkan níwájú.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú ara yín rí i, nítorí ìṣirò tí a gbọ́ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé tí a kò dán wò, ìròyìn lásán ni. Ẹ mú 65,536. Ẹ kà á ní 641. Ó lọ nígbà 102, 154 ló ṣẹ́kù. Ó yẹ ká wá fi 65,536 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìdí láti gbé gbogbo rẹ̀ rù, nítorí èyí tó ti wọ inú 641 pátápátá kò lè fi nǹkan sílẹ̀ mọ́. Ohun tó ṣẹ́kù nìkan la ó sọ di púpọ̀. 154 lọ́nà 154: 23,716. Ẹ wá ṣírò 641 lọ́nà 37: 23,717. Ó ku ẹyọ kan kó pé. Ìyẹn ni pé 4,294,967,296, iye ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo mẹ́rin, fi ẹyọ kan ṣoṣo dín sí ohun tí 641 lè gbé tán. Nọ́ńbà wa sì ni ẹni tó fi ẹyọ kan náà kún un. Ó pé. 641 lọ́nà 6,700,417 ni, 6,700,417 náà kò sì ṣe é pín mọ́.

Ìgbà márùn-ún ni ọ̀rọ̀ Fermat ṣẹ, ẹ̀ẹ̀kẹfà ló yẹ̀. Láti ìgbà náà títí di òní, a kò tíì rí ẹlòmíràn nínú ìdílé yìí, lẹ́yìn 65,537, tí kò ṣe é pín. Mi ò rí ẹ̀gàn nínú èyí fún Fermat rárá. Bí kò bá sọ ohun tó rò, kò sí ẹni tí yóò wá a lọ síbẹ̀.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ń lo ìdílé yìí lójoojúmọ́. Àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ fi ń mọ ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú ti àtijọ́ tí a ṣì ń lò káàkiri, jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin tí àmì ìdánudúró pín, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 255. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 256 ọ̀nà, bíi dídà ọ̀pẹ̀lẹ̀ kan. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ jẹ́ 4,294,967,296. Àwọn tó ṣe é rò pé yóò tó aráyé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé 2011, àjọ tó ń pín in fún gbogbo ayé pín ìdì márùn-ún tó kù sí agbègbè márùn-ún, ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ AFRINIC tó wà ní Mauritius fún ilẹ̀ Áfíríkà, ilé ìṣúra àgbáyé sì ṣófo.

Aago inú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà náà ń ka ìṣẹ́jú àáyá láti òru ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1970. Àwọn ẹ̀rọ tí a kọ́ lọ́nà àtijọ́ kò lè kà ju 2,147,483,647 lọ, ìyẹn ìdajì 4,294,967,296 ó dín ẹyọ kan. Yóò kún ní ọjọ́ 19 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2038, ní ìdájí, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àti ìṣẹ́jú àáyá méje ní Niamey, bákan náà ní Èkó, nítorí àkókò kan náà la ń lò. Ẹ̀rọ tí wọn kò bá tún ṣe ṣáájú ìgbà náà lè máa sọ ọjọ́ tí kò tọ́.

Nípa ẹ̀gbọ́n tó súnmọ́ ọn jù, 65,537: nígbà tí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ sílé látorí fóònù, kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ kan ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ náà lójú ọ̀nà. Irú kọ́kọ́rọ́ tí Rivest, Shamir àti Adleman gbé jáde ní 1977, tí a ń pè ní RSA, wà lára àwọn tí a ń lò jù, 65,537 ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Agbára kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú ohun tí nọ́ńbà wa ti fi hàn wá: ọmọ iléèwé lè fi 641 sọ 6,700,417 di púpọ̀ kó tó di pé oúnjẹ jinná, ṣùgbọ́n láti mú èsì náà kí a sì yọ àwọn méjèèjì jáde, ọdún 92 ló gba aráyé. Nọ́ńbà tí RSA ń lò gùn ju tiwa lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ìdílé náà: àbúrò nọ́ńbà wa ni 18,446,744,073,709,551,617. Ọ̀gbẹ́ni Fortuné Landry, ọmọ Faransé, rí i ní 1880, nígbà tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, pé 274,177 pín in. Èyí tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó rí ohun tó pín in títí di 1970, nígbà tí Michael Morrison àti John Brillhart fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Bí a bá ka 3 sí òdo tí a fi bẹ̀rẹ̀, tí 5 jẹ́ ìkìíní, tí nọ́ńbà wa sì jẹ́ ìkarùn-ún, gbogbo wọn láti ìkarùn-ún dé ìkejìlélọ́gbọ̀n ni a ti mọ̀ pé ó ṣe é pín. Ìkẹtàlélọ́gbọ̀n ni a kò mọ̀. Bí a bá kọ ọ́ tán, yóò gba 2,585,827,973 ẹyọ nọ́ńbà, kò sì sí ẹni tó tíì lè sọ bóyá ó ṣe é pín tàbí kò ṣe é pín. Síbẹ̀ a mọ̀ pé méje ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. A mọ̀ pé bí a bá kà á ní dala, tàbí ní 641, tàbí ní 274,177, méjì ni yóò ṣẹ́kù, nítorí òun náà fi méjì ju àpapọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ nígbà tí a bá sọ wọ́n di púpọ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ń wá ohun tó pín in ní láti wá a láàárín àwọn nọ́ńbà tí kò pín ọ̀kankan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n náà. Àwọn olùfẹ́ ìṣirò ṣì ń fi kọ̀ǹpútà wọn wá a káàkiri ayé.